Bí Òjijí Ṣe Gba Wàrà Ẹfọ̀n Là

Nígbà láéláé, òjijí ò yàtọ̀ sí ẹja yòókù. Ara rẹ̀ ń yọ̀ bí ilá, kò sì lè ṣe eṣinṣin ní nǹkan kan. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má bi mí bóyá mo wà níbẹ̀. Ẹni tó sọ ọ́ fún mi kì í purọ́.

Lọ́dún kan, ọ̀dá dá. Koríko tán létí odò. Ẹfọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọmọ náà ò sì tíì lè rìn jìnnà, ọmú nìkan ló ń mu. Bí ìyá bá dúró, wàrà á gbẹ. Bó bá lọ wá koríko, àlọ ọjọ́ mẹ́ta, àbọ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ebi á pa ọmọ kú.

Ẹfọ̀n fún wàrà sínú akèrègbè kan tó fẹnu gbayawu, kó lè fi sílẹ̀ fún ọmọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wàrà ti kan. Ó tún fún òmíràn, ó gbé e lọ bá Iná tó ń jó létí odò.

Iná ní, "Èyí náà ni ìṣòro? Gbé e kalẹ̀!" Ó sè é títí ó fi hó yeeyee. Lóòótọ́, kò kan. Ṣùgbọ́n ọmọ tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù.

"Ìyá mi, èyí kì í ṣe tiyín. Ó ń rùn bí èéfín."

Ẹfọ̀n bú sẹ́kún. Òjijí yọrí lódò, ó ní, "Ìyá Ẹfọ̀n, kí ló dé?" Ẹfọ̀n rò fún un. Àánú ṣe Òjijí gan-an. Mànàmáná ń kọ lókè láìsí òjò, ló bá ké pè é.

"Bàbá, ẹ bù fún mi nínú agbára yín. Ọmọ ọlọ́mọ fẹ́ kú."

Mànàmáná ní, "Mo lè fún ọ, àmọ́ kò ní kúrò lára rẹ láéláé. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn ọ́ á gbọ̀n. Ṣé o gbà?"

"Mo gbà, Bàbá."

Gbàà! Odò mọ́lẹ̀ kedere. Háà, ẹ̀yin ọmọ!

Ẹfọ̀n fún wàrà tuntun, Òjijí sì kó wọ inú akèrègbè. Ó ta agbára náà sínú wàrà, ó dáwọ́ dúró, ó tún ta á. Fìrì! Fìrì! Fìrì! Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú ò rí, tí ń ba wàrà jẹ́, kú pátá. Ẹfọ̀n fi imú kan akèrègbè. Tútù ni! Ó tọ́ wàrà wò, adùn rẹ̀ ò yí padà.

"Yéè! Irú kí lèyí?" Iná fúnra rẹ̀ ló ké bẹ́ẹ̀.

Ẹfọ̀n lọ wá koríko. Di ọjọ́ kẹfà, wàrà ṣì dùn bí ìgbà tó kúrò lọ́mú. Ìyá dé, ó bá ọmọ tó ń ta pọ́nún-pọ́nún.

Ọmọ sáré wọ odò láti dì mọ́ Òjijí. Gbìì! Ó ṣubú sẹ́yìn, ó ń gbọ̀n.

"Ẹ dákun, kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣẹ̀ mí, ọmọ mi," ni Òjijí wí. "O yè, ó tó mi." Ó rọra fà sẹ́yìn, ó wọ inú ẹrẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà ni òjijí ti ń dá gbé inú ẹrẹ̀, tí ọwọ́ tó bá kàn án sì ń gbọ̀n pìpì. Àwọn apẹja ní ìkà ẹja ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹfọ̀n bó bá dé odò: kò ní mu omi láì kọ́kọ́ tẹrí ba.