Àpò Tó Jókòó Sáàárín Tọkọtaya

Obìnrin kan wà, tíṣà ni, ìlú kejì sí tiwọn ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Àgbẹ̀ ni ọkọ rẹ̀. Láràárọ̀, ọkọ á fi alùpùpù gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé kó tó yí orí padà sí oko kòkó rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí ọjọ́ kan tí obìnrin náà jáde láìgbé àpò ńlá kan.

Bá mi wo inú àpò náà, ọmọ mi. Agboòrùn wà níbẹ̀ nítorí òjò, bàtà kejì wà níbẹ̀ nítorí ẹrẹ̀ tí òjò yóò fà. Súwẹ́tà ń bẹ, abẹ́rẹ́ àti òwú ń bẹ, ìwé kíláàsì mẹ́ta tí kò lè ráyè máàkì tán lóòjọ́ ń bẹ, oògùn ibà náà ń bẹ, bóyá ara ọmọ kan á gbóná. Mo gbọ́ pé ọmọrí ìkòkò kan tilẹ̀ wà níbẹ̀ tí obìnrin náà fúnra rẹ̀ kò mọ ìgbà tó wọ ibẹ̀. Kì í ṣe pé orí rẹ̀ dàrú o. Ìfẹ́ ló ń bá a kó ẹrù. Tíṣà tí bọ́tìnnì rẹ̀ bá já, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò sáré wá.

Àpò náà wúwo ju ohun tí èèyàn lè gbé lé itan lọ. Nítorí náà, àárín òun àti ọkọ rẹ̀ ló máa ń gbé e sí lórí alùpùpù.

"Ìyá Morẹ́nikẹ́," ọkọ rẹ̀ á ní, "ṣé ilé la ń kó ni?"

"Ẹ máa wa alùpùpù yín, Bàbá Morẹ́nikẹ́. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá nílò rẹ̀ lẹ máa dúpẹ́."

Ọkùnrin náà á rẹ́rìn-ín, á sún síwájú díẹ̀ kí àpò lè ríbi jókòó.

Ní Ọjọ́rú kan, nígbà tí ìdánwò ń lọ lọ́wọ́, okùn àpò náà já. Aránbàtà ní kí ó fi sílẹ̀ di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, obìnrin náà jáde bí ẹni tó gbàgbé ìró sílé, ìwé ìbéèrè nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gun alùpùpù, ó sì gbá ọkọ rẹ̀ mú.

Ẹ̀yìn ọkùnrin náà gbóná bí ààrò. Egungun ìhà rẹ̀ ti yọ síta.

"Bàbá Morẹ́nikẹ́, ìgbà wo ni ara yín ti ń gbóná báyìí?"

"Jẹ́ ká máa lọ, o ní ìdánwò."

"Ìgbà wo, mo ní?"

Ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà, àmọ́ ó rẹ ọkùnrin náà. "Ó tó ọjọ́ mẹ́rin. Mo rí i pé ohun tí ò ń gbé ti pọ̀, mi ò fẹ́ fi tèmi kún un."

Obìnrin náà bú sẹ́kún lórí alùpùpù. Ọdún mẹ́fà ló fi ń gbé oògùn ibà kiri, àárín òun àti ẹni tí ibà ń ṣe ló sì ń gbé e sí. Ó fi ìwé ìbéèrè rán tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó ń kọjá, ó sì ní kí ọkọ òun yí orí sí ọsibítù. Dókítà sọ fún wọn pé ká ní ó pé ọjọ́ méjì sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti di nǹkan mìíràn. Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi dá a dúró, ó sì gbádùn, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ìwọ tí o jókòó síwájú mi yìí, mi ò ní kí o má mú agboòrùn jáde o. Òjò ń rọ̀ nílùú yìí. Àmọ́ mo ti ń wò ọ́ bí o ṣe ń kọjá láràárọ̀, tí ẹrù wọ̀ ọ́ lọ́rùn, tí o ń múra sílẹ̀ de gbogbo ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí gbogbo ayé. Inú rere ni, mo mọ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí o ń kó nítorí "bóyá" ti gba ààyè ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ dájúdájú. Bí o bá délé lónìí, bi ọkọ rẹ bí ara rẹ̀ ti rí. Kí o fọwọ́ kàn án bí o ṣe ń bi í, má gbà á gbọ́ lẹ́nu nìkan.