Ilẹ̀kùn Méjì Ilé Ìyá Fìjàbí

Ní abà Onígbódògí, opó kan wà tí ń jẹ́ Ìyá Fìjàbí. Ohun tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kò ju ilé tóóró kan lọ, tó ní ilẹ̀kùn níwájú àti lẹ́yìn, àti awó mélòó kan. Òjòlá gbé àwọn awó náà mì tán. Ẹyin tí èyí tó kẹ́yìn ń sàba lé lórí nìkan ló ṣẹ́ kù, òun náà sì ti ń tutù.

Ó ké sí Láṣebìkan, tí ń tún rédíò ṣe. Ọkùnrin yìí mọ̀wé débi pé, bí wọ́n bá kí i, yóò kọ́kọ́ ṣírò kí ó tó jẹ́. Ó kan àpótí kan, ó kó ẹyin náà sí i, ó fi gílóòbù tí yóò máa mú wọn móoru sí i, ó sì so kapásítọ̀ mọ́ ọn. Kapásítọ̀ dà bí àmù: á gba iná láti inú bátìrì pamọ́, á sì máa jò ó dànù díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá gbẹ, gílóòbù á kú. Kí ó má baà tètè gbẹ, Láṣebìkan fi rẹsítọ̀ méjì, tí í máa dín eré iná kù, dènà iná náà, ọ̀kan lọ́tùn-ún kapásítọ̀, ọ̀kan lósì. Ó dúró lọ́dọ̀ bátìrì, ó rí wọn bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra, ó ro agbára méjèèjì pọ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ìyá, ẹ tẹ bọ́tìnnì yìí kí ẹ tó lọ sódò. Kò ní kú títí ẹ ó fi dé.”

“Ṣé ó dá ọ lójú, Láṣe?”

“Ìṣirò kì í purọ́, Ìyá.”

Òótọ́ ni, kì í purọ́. Ẹni tí ń ṣe é ni.

Lójoojúmọ́ ni Ìyá Fìjàbí ń tẹ bọ́tìnnì kó tó lọ. Bó bá dé, á bá gílóòbù ní kíkú. “Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni,” á wí, á kí àpótí kú iṣẹ́, á tún un tẹ̀. Kò sẹ́ni tó jókòó ti ẹyin láti mọ ìgbà tí iná ń kú.

Ọjọ́ tó yẹ kí ẹyin pa dé, ó kọjá. Ìyá Fìjàbí gbétí lé wọn, ẹyin kò wí nǹkan kan. Nígbà tó fọ́ ọ̀kan, òórùn lọ pàdé àwọn tó ń bọ̀ wá bá a yọ̀ lọ́nà.

“Ìran awó ọkọ mi ti parẹ́ nìyẹn,” ló wí. Ó wọ yàrá àárín lọ.

Láṣebìkan sáré dé. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó jókòó tì í. Kò tíì bó ọsàn kan tán tí gílóòbù fi kú. Ni ó bá dọ̀bálẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà iwájú.

“Ìyá, ẹ dárí jì mí! N kò ní kúrò níhìn-ín títí ẹ ó fi jáde!”

Ó bẹ̀bẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Àtàndá aládùúgbò ń ti oko bọ̀, ó dúró wò ó.

“Láṣebìkan, ta lò ń dọ̀bálẹ̀ fún?”

“Ìyá Fìjàbí ni.”

“Tòun ti ẹrù lórí ni mo pàdé rẹ̀, ó ń lọ sílé ọmọ rẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló gbà jáde. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí n dí ọ lọ́wọ́.”

Láṣebìkan dìde jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ la ilé yìí kọjá láti ìta, ilẹ̀kùn méjèèjì ni yóò ṣí tẹ̀ léra. Ẹni tó wà láàárín ilé, èyí tó bá wù ú ni yóò gbà. Bí kapásítọ̀ ṣe wà láàárín rẹsítọ̀ méjì gan-an nìyẹn: bí a bá ti jáwọ́ lára bọ́tìnnì, ọ̀nà bátìrì pàápàá di ọ̀nà àbájáde, iná á sì máa gba ọ̀tún jáde, á máa gba òsì jáde. Ohun tó kà sí ìdènà méjì, ọ̀nà méjì ni.

Ó wá mọ̀ ọ́n. Ìmọ̀ náà kò pa ẹyin kan. Ìyá Fìjàbí kò padà wá mọ́, aláǹgbá ló sì ń gbé inú àpótí.

Ohun tó fà á nìyẹn tí àwọn àgbà Onígbódògí fi ń pa á lówe pé: inú ilé la ti í ka ilẹ̀kùn.