Ọ̀nà Tó Wà Nínú Gíláàsì

Ní ìsàlẹ̀ àwọn àpáta Òkè-Ògùn ni abúlé Abẹ́-Àpáta wà. Láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, ìkùukùu a máa rọra sọ̀ kalẹ̀ láti orí àpáta bí ìgbà tí ìyá bá ń fa aṣọ bo ọmọ tó sùn. Ilé á pòórá, igi á pòórá, ohùn ènìyàn nìkan ni yóò kù. Àwọn ará abúlé a máa kí ara wọn nínú funfun náà láìrí ojú ara wọn, wọn a sì mọ ẹni tó ń kí wọn.

Níbẹ̀ ni Fẹhíntọlá ń gbé pẹ̀lú Àṣàbí aya rẹ̀ àti Ìbíwùmí, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Oyin ni Fẹhíntọlá ń sìn, kò sì sí ihò àpáta tàbí ipa ẹsẹ̀ ẹran tí kò mọ̀ ní agbègbè náà. Àṣàbí ń ṣe òrí tà.

Lọ́dún kan, àbúrò Fẹhíntọlá tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn fi tábúlẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ tó fẹ̀ ju fóònù lọ, ránṣẹ́ sí Ìbíwùmí, ó ní kí ọmọ náà má baà kẹ́yìn ẹgbẹ́. Olùkọ́ ilé ìwé abúlé, obìnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan, fi ìṣirò, ìwé àwòrán àti máàpù sínú rẹ̀. Ó wá bẹ Fẹhíntọlá pé kó máa jókòó ti ọmọ náà nígbà tó bá ń lò ó. Fẹhíntọlá rẹ́rìn-ín. Ó ní òun tí òun kò lè ka orúkọ ara òun, kí ni òun fẹ́ fi kọ́ ọmọ? Ó ní nǹkan àwọn ọmọdé ni, kí wọ́n fi sílẹ̀ fún wọn. Ohun tí kò sọ fún olùkọ́ ni pé ojú ń ti òun.

Ìka Ìbíwùmí yá. Kí oṣù kan tó pé, kò sí ìlẹ̀kùn inú ẹ̀rọ náà tí kò lè ṣí. Yóò jókòó sábẹ́ igi òrí ẹ̀yìn ilé, ìmọ́lẹ̀ gíláàsì náà á máa tàn sí i lójú, á wá dà bí ẹni tó ń wo inú odò, tí odò náà sì ń wò ó padà. Máàpù ló fẹ́ràn jù. Olùkọ́ ti sọ fún un pé àmì róbótó aláwọ̀ aró tó wà lójú rẹ̀, òun Ìbíwùmí fúnra rẹ̀ ni. Bó bá rìn lọ sídìí kànga, àmì náà á rìn. Bó bá dúró, á dúró. Nígbà mìíràn, ó máa ń lá àlá pé òun ti kéré bí èèrà, òun ń rìn lórí gíláàsì tó ń dán, ojú ńlá kan sì ń wo òun láti òkè.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó rí Ìdí-Ọsàn lórí máàpù náà. Ibẹ̀ ni ìyá Àṣàbí ń gbé, ara arúgbó náà kò sì yá láti bí ọjọ́ mélòó kan. Bí wọ́n bá fẹ́ lọ síbẹ̀, ọ̀kadà ni wọ́n ń gùn yí òkè po, oòrùn á sì ti kan àtàrí kí wọ́n tó dé. Ṣùgbọ́n lórí máàpù, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde láti ẹ̀yìn ilé wọn, ó gba orí odò Ẹlẹ́rìn kọjá, ó wọ Ìdí-Ọsàn. Kò gùn ju ìka ọwọ́ rẹ̀ lọ.

Ó gbé e lọ bá bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń tún ilé oyin ṣe. “Bàámi, ẹ wá wo ọ̀nà ilé ìyá àgbà.”

Fẹhíntọlá kò gbé ojú sókè, oríkì ọmọ náà ló fi dá a lóhùn. “Ó dáa, Àyìnkẹ́. Ìwọ máa wò ó.”

Ọmọ náà dúró díẹ̀. Ó tún pè é lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí kò dáhùn, ó wọlé lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìkùukùu bolẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ìbíwùmí pọ́n òrí díẹ̀ sínú ewé kí ìyá àgbà lè fi pa orúnkún, ó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sì gba ẹ̀yìn ilé jáde. Kò rí ilẹ̀, kò rí igi. Àmì aláwọ̀ aró nìkan ló rí, tó ń yọ́ lọ lórí ìlà bí ọkọ̀ ojú omi. Ẹ̀rù kò bà á. Ńṣe ló dà bíi pé àlá rẹ̀ ló gbé e dání.

Àṣàbí pè é títí, kò gbọ́ ìdáhùn. Nígbà tó rí i pé tábúlẹ́ẹ̀tì kò sí nílé, ó rántí pé ọmọ náà ti sọ fún òun kó tó sùn pé ọ̀nà tó gba orí odò kò jìn rárá. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀. Fẹhíntọlá ju ohun ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọdún kẹwàá rèé tí àgbàrá ti gbé afárá onígi orí Ẹlẹ́rìn lọ. Ọ̀gbun ló kù níbẹ̀.

Ó sáré. Ojú rẹ̀ kò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ ọ̀nà. Bó ṣe ń gbọ́ ohùn odò tó ń rẹ́rìn-ín nísàlẹ̀, ó rí ìmọ́lẹ̀ kékeré kan níwájú nínú ìkùukùu, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ó fẹ́ kígbe, ó sì bẹ̀rù pé bí òun bá kígbe, ọmọ náà lè ta gìrì. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ pè é.

“Àyìnkẹ́, dúró síbi tí o wà.”

“Bàámi, a ti fẹ́ débẹ̀. Afárá ló kàn.”

Ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó gbá a léjìká mú. Kò já ẹ̀rọ náà gbà. Ó ní kó fi ibi tí wọ́n wà han òun. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa wo inú rẹ̀. Ó rí àmì náà, ó rí ìlà tó nà gbọnrangandan níwájú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú òkúta kan, ó sọ ọ́ síbi tí ẹsẹ̀ ọmọ náà ìbá tẹ̀ tẹ̀ lé e.

Wọ́n tẹ́tí. Kò sí ìró. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbọ́ ọ níbi tó ti bọ́ sómi, ní ìsàlẹ̀ pátápátá.

Ìbíwùmí di aṣọ bàbá rẹ̀ mú. “Ṣé irọ́ ló ń pa fún mi ni?”

“Kì í ṣe irọ́. Ó mọ afárá náà nígbà tí afárá wà. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó ti lọ.” Ó fa ọmọ náà sẹ́yìn kúrò létí ọ̀gbun. “O pè mí lánàá pé kí n wá wò ó. Èmi tí mo mọ̀, mi ò wá. Ojú ló ń tì mí, Àyìnkẹ́. Mi ò fẹ́ kí o rí i pé bàbá rẹ ò mọ̀wé.”

Ọmọ náà mú ìka bàbá rẹ̀, tí oyin ti ta títí tó fi yi, ó gbé e lé gíláàsì. “Kò le, Bàámi. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ ni.”

Lọ́jọ́ náà gan-an, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gun ọ̀kadà lọ kí ìyá àgbà. Láti ìgbà náà, kò sí ìrọ̀lẹ́ tí Fẹhíntọlá tàbí Àṣàbí kì í jókòó ti ọmọ wọn. Bí ìka Ìbíwùmí bá ṣí ibìkan, àwọn òbí rẹ̀ á béèrè ẹni tó wà níbẹ̀ àti ohun tó ń wí, wọ́n á sì sọ èyí tí àwọn mọ̀ nípa rẹ̀. Olùkọ́ bá wọn kọ̀wé sí àwọn tó ya máàpù náà. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ orí máàpù náà kò kọjá bèbè odò mọ́.

Bí àwọn òbí mìíràn ní Abẹ́-Àpáta bá sì wí pé ọ̀rọ̀ fóònù kò kan àgbà, Àṣàbí a sọ ìtàn òwúrọ̀ yẹn fún wọn, a sì fi gbólóhùn kan dé e. Gbólóhùn yẹn ló di òwe lẹ́nu àwọn àgbà ibẹ̀, tí wọ́n fi ń wí títí dòní pé: ìka ọmọ kì í yá, kí ojú òbí jìnnà sí i.