Ògiri Tó Ń Rìn Lórí Apá Bàálù

Kí ni a ti mọ̀ nípa afẹ́fẹ́? A mọ̀ pé ojú kì í rí i. A tún mọ̀ pé bí ọ̀nà rẹ̀ bá há, ṣe ló máa ń sáré. Ẹni tó bá ti dúró sí ọ̀nà tóóró láàárín ilé méjì ti mọ ìyẹn. Ẹ jẹ́ ká mú un lọ́wọ́.

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wa bàálù tuntun wò kí èrò tó wọ̀ ọ́. Wọ́n gbé ọ̀kan fún un, èyí tí eré rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ìró ohùn dọ́gba. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń súnmọ́ eré yẹn, apá bàálù á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Obìnrin ẹnjinníà tó ya àwòrán apá náà ní kí wọ́n fi irin kún ibi tó ń gbọ̀n. Awakọ̀ tún gbéra. Ibẹ̀ dákẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó sì le débi pé díẹ̀ ló kù kí apá já.

Nígbà tó balẹ̀, ó ní, "Màmá, ṣé bàálù lẹ gbé fún mi, àbí kọ̀ǹkọ̀sọ̀ tí wọ́n fi ń ku èlùbọ́?"

"Bàálù ni. Eré tí mo ní yóò sá, yóò sá a."

"Ẹ̀mí mi ńkọ́?"

"Òun gan-an ni mo jókòó tì yìí."

Obìnrin náà kò dìde nídìí iṣẹ́ títí ohun tó ń fa gbígbọ̀n náà fi yé e. Òkè apá náà yọ gegele. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ń gun gegele yẹn, ọ̀nà rẹ̀ á há, á sáré kọjá eré ìró; bó bá sì dé ẹ̀yìn, á ní láti dín eré kù lójijì, bí ẹni tí wọ́n dá dúró. Ibi tó ti dúró yẹn ló ti ń di ògiri tẹ́ẹ́rẹ́. Ògiri náà kò ní ìpìlẹ̀: á rìn síwájú, á rìn sẹ́yìn, apá á sì máa gbọ̀n tẹ̀ lé e. Ibi tó ń gbọ̀n kọ́ ni ibi tó ń dá a sílẹ̀.

Ó yọ irin kúrò, ó sì bu gegele náà kù. Awakọ̀ tún gòkè. Ó dé ibi tí ẹ̀rù ti máa ń bà á, ó di ìtọ́kọ̀ bàálù mú gírígírí, ó kọjá. Ohùn rẹ̀ wá lórí rédíò láti òkè: "Màmá, kọ̀ǹkọ̀sọ̀ ti dákẹ́ o."

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ ọmọ, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Lánàá, orí oúnjẹ ni ìjà wà. Ẹ ṣòfin oúnjẹ. Lónìí, ó ti bọ́ sórí fóònù. Ẹ gba fóònù. Lọ́la, ilẹ̀kùn ni ọmọ náà yóò máa gbá. Ẹ kò gbọ́dọ̀ dín ibi tí ọmọ náà ń lọ láyé kù, bí obìnrin yẹn kò ṣe dín eré bàálù kù. Eré tí ẹ ń lé e sá, tí ẹ tún ń dá a dúró lójijì, ìyẹn ni gegele ilé yín; òun ni kí ẹ bù kù.

Kí ẹ tó tún pe ọmọ náà, ẹ dojú àwo pẹrẹsẹ kan dé sábẹ́ omi ẹ̀rọ, kí ẹ ṣí omi sí i. Ẹ ó rí òrùka tí omi náà ń dá níbi tí eré rẹ̀ ti já lójijì, bí ògiri orí apá bàálù yẹn. Ẹ fi ìka tì í, ẹ wo bó ṣe ń yẹ̀ síbòmíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọwọ́ kúrò lórí àwo, kí ẹ rọra mú ọwọ́ náà lọ sí ẹnu ẹ̀rọ, níbi tí omi ti ń wá, kí ẹ dín eré rẹ̀ kù níbẹ̀.