Afíngbá àti Ìbéèrè Abẹ́ Àwòrán

Ọkùnrin kan wà nílùú Ọ̀yọ́ tí ó ń fín igbá. Bàbá rẹ̀ fín igbá títí ó fi kú, òun náà sì jókòó sórí àpótí tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, ó mú ọ̀bẹ, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ó ń fín ẹyẹ, ó ń fín ẹja, ó ń fín alángbá tó na ìrù yí etí igbá ká. Bí ó bá ń fín in ní òwúrọ̀, ẹ̀fúùfù a máa gbé lẹ́búlẹ́bú funfun ara igbá káàkiri, a sì dà bíi pé inú ìkùukùu ni ọkùnrin náà jókòó sí.

Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ ra igbá mọ́. Ike ti gba ojú ọjà. Igbá kún ilé afíngbá, ó so wọ́n mọ́ àjà, wọ́n ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí atẹ́gùn bá gba ojú fèrèsé wọlé. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ sábẹ́ wọn á rò pé òṣùpá púpọ̀ ló ń dúró síbẹ̀ tí wọn kò rí ojú ọ̀run tí wọn yóò yọ sí.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ìdòwú, tó ti lọ sílé ọkọ, wá kí wọn. Ó gbójú sókè, ó wo àwọn igbá náà títí. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí ayé rí nǹkan wọ̀nyí." Ó fún bàbá rẹ̀ ní fóònù kan, ó ṣí ojúewé fún un lórí ìkànnì tí wọ́n máa ń gbé àwòrán sí, ó sì kọ́ bàbá àti ìyá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ó ní kí wọ́n máa kọ ibi tí ilé wà sábẹ́ àwòrán. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ọ̀rọ̀, kí wọ́n máa dá a lóhùn. Bàbá gbọ́ ti àwòrán. Ìyókù kò wọ̀ ọ́ létí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó bu omi sínú igbá láti bọ́jú. Ó rí i pé àwọsánmà ti wà nínú omi náà kí òun tó fọwọ́ kàn án. Ó ya àwòrán rẹ̀, ó gbé e síta. Nígbà tí oòrùn fi máa kan àtàrí, ọkàn pupa ti ń yọ lábẹ́ àwòrán náà bí òdòdó. Ọkàn pupa kéékèèké yìí ni àwọn tó wà níbẹ̀ fi ń sọ pé nǹkan dára lójú àwọn. Inú ọkùnrin náà dùn. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sọ fún un pé ohun tí ó ṣe dára.

Láti ìgbà náà ni ó ti ń gbé igbá lọ sí etí odò kí ìkùukùu tó ká. Ó ń jẹ́ kí wọ́n léfòó, ó ń ya wọ́n. Ó so wọ́n mọ́ ẹ̀ka mángòrò, ó tò wọ́n sínú koríko tí ìrì ṣì wà lórí rẹ̀. Mo rí àwọn àwòrán náà. Ẹni tó bá wò wọ́n pẹ́ á gbàgbé ohun tó fẹ́ ṣe. Àwọn tó ń tẹ̀lé e ń pọ̀ sí i, òun náà sì ń jìnnà sí àpótí ìjókòó rẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀gbẹ́ tí fóònù yóò rí nìkan ni ó ń fín lára igbá. Ẹ̀gbẹ́ kejì a wà bẹ́ẹ̀ láìní ẹyẹ, láìní ẹja.

Ìyàwó rẹ̀ bi í pé, "Bàbá Ìdòwú, gbogbo ayé ló fẹ́ràn igbá wa. Kí ló dé tí kò sí ẹni tó gbé ọ̀kan lọ?"

Ó dáhùn pé, "Wọ́n ń bọ̀. Ohun tí ojú bá fẹ́ràn, ọwọ́ á tẹ̀lé e."

Ó sùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sì lá àlá. Ó rí ara rẹ̀ létí odò, ọkàn pupa sì kún ojú omi, wọ́n ń ṣàn bọ̀ bí òdòdó tó já. Ó ki igbá bọ omi, ó bù wọ́n. Bí ó ṣe gbé igbá sókè, kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ó tún bù ú. Ní òdìkejì odò, ẹnì kan dúró tó ń la ẹnu sí i, ṣùgbọ́n ariwo omi pọ̀, kò gbọ́ ohun tí onítọ̀hún ń wí.

Ohùn ìyàwó rẹ̀ ló jí i. Obìnrin náà ti mú fóònù, ó ti ń ka ohun tí àwọn ènìyàn kọ sábẹ́ àwòrán. Ó ní, "Bàbá Ìdòwú, ẹ dìde. Ẹnì kan ti ń bá yín sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí."

Ó kà á sí i létí. Lábẹ́ àwòrán igbá orí omi, obìnrin kan kọ ọ́ pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ máa ń rán igbá tó bá sán?" Lábẹ́ àwòrán ti orí mángòrò, obìnrin kan náà tún kọ̀wé pé, "Ẹ jọ̀ọ́, igbá ìyá mi ni. Ó bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó sán. Wọn kò gbà láti mu omi nínú nǹkan mìíràn." Lábẹ́ àwòrán inú koríko, èyí tí ọkàn pupa rẹ̀ pọ̀ jù lọ, ó kọ ọ́ pé, "Bàbá onígbá, ètè ìyá mi ti ń bó. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ kàn sọ pé ẹ kò lè ṣe é, kí n yé retí."

Ọkùnrin náà dìde jókòó sórí ẹní. Ó ti rí àwọn ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Ó rò pé ìyìn ni, kò kà wọ́n tán.

Ó ní, "Ìyá Ìdòwú, bi í pé ibo ni wọ́n wà."

Ìyàwó rẹ̀ kò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tí èsì fi dé. Ọ̀yọ́ níbí ni wọ́n wà. Àdúgbò Ìṣokùn ni. Bí ẹnì kan bá ké ní ilé obìnrin náà, atẹ́gùn lè gbé igbe náà dé ojúlé afíngbá. Obìnrin náà ti rò pé ìlú òkèèrè ni ẹni tó ni irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ń gbé, níbi tí ẹsẹ̀ kò lè gbé ènìyàn dé.

Afíngbá kó okùn iko, irin tó mú ṣóńṣó, àti ìda oyin sínú àpò, ó lọ. Obìnrin náà ṣílẹ̀kùn, ó wò ó bí ẹni pé inú fóònù ló ti jáde. Ó ní, "Ṣé ẹ̀yin gan-an ni igbá orí omi?"

Ìyá rẹ̀ wà lórí ẹní, ó ti gbẹ bí ewé. Ike omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kún, kò fọwọ́ kàn án. Igbá rẹ̀ ti sán láti etí dé ikùn. Ọkùnrin náà gbé e sórí itan. Ó lu ihò wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ibi tó sán, ó fi okùn iko fà wọ́n pọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó yọ́ ìda, ó fi dí i. Kò yára. Ilé náà dákẹ́, oòrùn ìrọ̀lẹ́ gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó bà lé ọwọ́ rẹ̀. Ó rántí bí iṣẹ́ ṣe máa ń rí nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá wò ó.

Wọ́n bu omi sínú igbá náà. Ìyá arúgbó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó mu, ó mu, omi ń ṣàn lágbọ̀n rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Omi nìyí."

Lẹ́yìn náà ni ó wo àlejò. "Ìwọ ta ni?"

"Èmi tí mò ń fín igbá ni, Ìyá."

"Kí ló dé tí o fi pẹ́?"

Ọkùnrin náà dojúbolẹ̀. "Ẹ má bínú, Ìyá. Wọ́n pè mí. N kò dáhùn ni."

Obìnrin náà tọrọ àyè, ó ya àwòrán ọwọ́ ìyá rẹ̀ lára igbá rírán náà. Kò mọ àwòrán yà. Òjìji àtàǹpàkò rẹ̀ bo igun kan. Ó gbé e sórí ojúewé ara rẹ̀, ó kọ orúkọ àdúgbò afíngbá síbẹ̀. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Wọ́n fi gèlè di igbá tó sán, wọ́n gbé e wá bí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Ẹni tó bá gbé ti àtijọ́ wá fún rírán, a máa wo òkè àjà, a sì gbé tuntun lọ. Ọ̀pọ̀ igbá kúrò lára àjà, afíngbá sì padà sórí àpótí rẹ̀, ó ń fín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Ìyá arúgbó náà kú nígbà ọyẹ́. Ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ pé inú igbá yẹn ni ó ti mu omi ìkẹyìn.

Afíngbá kò fi àwòrán sílẹ̀. Ó ṣì ń lọ sí etí odò. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ bá ti rọ̀, ìyàwó rẹ̀ a máa ka ohun tí wọ́n kọ fún un, òun a sì máa sọ èsì. Ẹni tí kò lè ràn lọ́wọ́ pàápàá, ó ń sọ fún un pé òun kò lè ṣe é.

Àwẹ̀ró, ìwọ ni mo ń bá wí. Aṣọ ọmọ ọwọ́ tí o ń rán dára, àwòrán rẹ sì dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tí o gbé e síta, o ti pe ènìyàn nìyẹn, ẹni tó bá sì pe ènìyàn kì í di etí nígbà tí wọ́n bá dá a lóhùn. Obìnrin kan kọ̀wé sábẹ́ fìlà olówùú tí o gbé síta lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní oṣù ọmọ òun kò pé kí òun tó bí i, gbogbo aṣọ ọjà ló tóbi jù fún un. Mo rí èsì rẹ. O fi ọkàn pupa kan sí i, o sì kọjá lọ.

Ọkàn pupa kò ṣeé wọ̀ fún ọmọ lásìkò òtútù. Dìde, kí o bi í bí ọmọ náà ṣe tó.