Búrẹ́dì Ẹ̀yìnkùlé Àjíún

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àjíún kò mọ bí òwe yìí ṣe rinlẹ̀ tó, àfi ìgbà tí Làmídì oníbúrẹ́dì fi búrẹ́dì dù ú.

Làmídì nìkan ló ní ààrò búrẹ́dì lábúlé. Ó fẹ́ ra ẹ̀yìnkùlé Àjíún kó fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù, obìnrin náà sì kọ̀ jálẹ̀. Ó ku ọ̀la kí àwọn àna wá tọrọ ọmọ rẹ̀ ni Àjíún lọ ra búrẹ́dì. Làmídì ní, "Ìyá, ẹni tí kò ta ilẹ̀ fún mi kò ní jẹ búrẹ́dì mi. Ẹ lọ fi efinrin àti gbágùúdá ẹ̀yìnkùlé yín ṣe wọ́n lálejò."

"Ó dáa," ni Àjíún wí. "Òun náà ni wọn ó jẹ."

Ó délé, ó po ìyẹ̀fun gbágùúdá mọ́ ẹyin adìyẹ rẹ̀, ó gé efinrin wẹ́wẹ́ sí i, ó sì bu ẹmu kíkan sí i kó lè wú. Ìkòkò ló fi ṣe ààrò, ó kó ẹyín iná sábẹ́ rẹ̀ àti sórí ọmọrí.

Lọ́jọ́ kejì, Làmídì wá jókòó ti àwọn àna, kó lè fojú ara rẹ̀ rí ìtìjú obìnrin náà. Àwo búrẹ́dì wọlé, ìtasánsán efinrin gba gbogbo ilé. Olórí àna jẹ ẹ́, ó tún nawọ́ mú òmíràn. Làmídì náà tọ́ ọ wò, ó sì tún bù ú jẹ.

"Ìyá, níbo lẹ ti rà á?"

Àjíún ṣí fèrèsé ẹ̀yìn sílẹ̀ gbayawu.

"Lórí ilẹ̀ tí o ní kí n tà fún ọ."