Búrẹ́dì Olùkọ́ Lójú Ọ̀nà Kétu

Ọkùnrin kan wà, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ti fẹ̀yìn tì, tí àìsàn kan ṣoṣo ń ṣe: ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Kì í ṣe ìtumọ̀ lásán o, ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ wá gan-an ni. Ó ti rí i nínú ìwé ńlá kan pé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣe fáàrí, ọwọ́ Faransé ni wọ́n ti yá a láyé àtijọ́. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó ká olè mọ́lé.

Ó sọ fún alápatà pé orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ni màlúù ń jẹ́ nínú pápá, ṣùgbọ́n bó bá ti dénú àwo, orúkọ Faransé ló ń jẹ́, nítorí tálákà Gẹ̀ẹ́sì ló ń dà á, ọlọ́lá Faransé ló ń jẹ ẹ́. Alápatà ní, "Tíṣà, kílò mélòó?" Ó sọ fún onígbàjámọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe kónílé-ó-gbélé, "bo iná" ni lẹ́nu Faransé tó ni ín. Onígbàjámọ̀ fá ìdajì orí rẹ̀, ó ní òun ń bọ̀. Kò padà wá.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ṣe ń sá. Ìyàwó rẹ̀ lọ tọ́ ọmọ-ọmọ, kò tíì padà, ọmọ náà sì ti ń lọ sílé ìwé báyìí. Ohun kan ṣoṣo tí olùkọ́ ń wá láyé ni ẹnì kan tí yóò jókòó tì í.

Lọ́jọ́ kan, ó wọkọ̀ láti Ìmẹ̀kọ lọ sí Kétu lódìkejì ààlà, níbi tí àwọn Yorùbá ti ń sọ Faransé, bóyá wọ́n á gbọ́ tirẹ̀ níbẹ̀. Táyà bẹ́ lójú ọ̀nà. Awakọ̀ gbé e gun ọ̀kadà, ó lọ lẹ̀ ẹ́. Àwọn èrò yòókù fẹsẹ̀ rìn lọ. Ó ku olùkọ́, tó gbé odindi búrẹ́dì kan lé itan, àti bíríkìlà ará Kétu kan tó ń ṣọ́ irinṣẹ́ rẹ̀. Bíríkìlà yìí ní kẹ́ẹ̀gì omi kan, kò sì tíì fẹnu kan nǹkan láti òwúrọ̀.

Bíríkìlà kò lè sá. Inú olùkọ́ dùn dé góńgó.

"Ọ̀rẹ́ mi, ṣé o mọ kọmpáníọ̀nù?"

"Rárá, Tíṣà."

"Alábàárìn ni! Ṣùgbọ́n gbọ́ ìdí rẹ̀!" Ó dìde dúró, ó bu búrẹ́dì sẹ́nu. "Lọ́dọ̀ Faransé ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á. Apá kìn-ín-ní, 'pẹ̀lú' ni." Ó tún bù. "Apá kejì, búrẹ́dì! Búrẹ́dì yìí gan-an!" Ó fi han bíríkìlà, ó tún bù níbẹ̀. "Ẹni tí a jọ ń jẹ búrẹ́dì! Àbí o ò rí nǹkan?"

"Mò ń rí i, Tíṣà. Ó ti ń kéré."

Olùkọ́ kò gbọ́. Ayọ̀ ti dí i létí. Bó ṣe ń pariwo "ẹni tí a jọ ń jẹ!" ni búrẹ́dì há a lọ́fun. Ojú rẹ̀ yọ síta. Ó nawọ́ sí kẹ́ẹ̀gì.

Bíríkìlà fún un lómi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò bi í ní ìtumọ̀ omi. Nígbà tí èémí olùkọ́ padà, bíríkìlà ní, "Tíṣà, mo ti gbọ́ ìtumọ̀. Àpẹẹrẹ ni mò ń retí. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Kọ́pẹ̀n là ń fi Faransé pe ẹni tí a jọ ń jẹ búrẹ́dì ní Kétu. A kì í túmọ̀ rẹ̀. A máa ń bù fún un ni."

Olùkọ́ wo ọwọ́ rẹ̀. Ìdí búrẹ́dì nìkan ló kù. Ó gbé gbogbo rẹ̀ fún bíríkìlà. Bíríkìlà bù ú sí méjì, ó dá ìdajì padà. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n mu omi lé e. Nígbà tí awakọ̀ fi máa dé, bíríkìlà ló ń bẹ̀ ẹ́: "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ mìíràn dà?"

Ìwọ tó ń gbọ́ mi, tí o mọ ibi tí àánú ti ṣẹ̀ wá, tí o lè fi odindi wákàtí kan túmọ̀ ìfẹ́ fún wa, mo kí ọ, o káre. Wo ẹni tó jókòó tì ọ́. Wo ọwọ́ rẹ. Kó tó há ọ lọ́fun, bù fún un.